Àwọn Ènìyàn Inú Iyanrìn

Ẹ̀rọ náà tún dáwọ́ dúró lójú kan náà.

"Ibí yìí ṣú jù," ó wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó tutù bí omi àmù, ohùn tí gbogbo ẹ̀rọ ìjọba Òkè-Ọ̀sà ń lò. "Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé kí n fọ̀ ọ́?"

Fadérera fa àga rẹ̀ súnmọ́ ojú ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ìbòòji sí ẹ̀gbẹ́ ojú nítorí oòrùn ọ̀sán tó ń gba fèrèsé wọlé, ó sì ní kí àwòrán náà padà sẹ́yìn díẹ̀. Téèpù àtijọ́ ni, ti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan tó ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́. Òru ni wọ́n yà á, láti orí afárá, láìsí iná kankan àfi àtùpà kékeré kan lápá ọ̀tún. Ìyókù dúdú látòkè délẹ̀, dúdú náà ò sì gbé jẹ́ẹ́: ó ń hó, ó ń ṣe wìrìwìrì bí ìgbà tí wọ́n bá da iyanrìn sínú agbada gbígbóná. Iyanrìn náà ni wọ́n ń pè é ní Ilé Ìfọwòrán, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí kámẹ́rà ayé ọjọ́un kò bá rí ìmọ́lẹ̀ tó, iyanrìn ló máa ń bò ó lójú. Iṣẹ́ Fadérera ni láti gbọn iyanrìn yẹn dànù, kí àwòrán lè fúyẹ́, kí ẹ̀rọ lè fún un pọ̀ kó kéré bí hóró ẹ̀pà.

"Jẹ́ kó máa lọ," ó wí fún ẹ̀rọ.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Iyanrìn ń fò kiri, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀, kò sí èyí tó jọ èkejì. Àfi lápá òsì, níbi tí òrùlé kan ti yọ orí lójú omi. Iyanrìn ibẹ̀ ò ṣe tirẹ̀. Ó ń rìn pọ̀. Ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń fà sẹ́yìn, apá kan nínú rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Dúró."

Ó dúró. Dúdú lásán ni.

"Máa lọ."

Ìrìn náà tún padà wá. Bí àwòrán bá dúró, kò sí ẹnikẹ́ni. Bó bá ń lọ, èèyàn ló kún orí òrùlé yẹn. Èèyàn tún wà lórí èyí tó tẹ̀lé e, àti lórí ìkẹta tí omi ti bò dé ìdajì.

"Fọ̀ ọ́ kí n wò ó," ó wí jẹ́jẹ́. "Má tíì pa á mọ́."

Ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Omi di pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àwọn òrùlé dá wà níbẹ̀, wọ́n mọ́, wọ́n ṣófo. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ wá ṣe ohun tó máa ń ṣe sí gbogbo àwòrán àtijọ́, tí Fadérera ti rí lójoojúmọ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: ó bu iyanrìn tuntun, iyanrìn tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá, ó wọ́n ọn sójú àwòrán.

"Mo ti wọ́n ọn," ó wí, "kó lè jọ ti àtijọ́ gan-an."

Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀, Mákànjúọlá, bá a. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, òun ló sì kọ́ Fadérera níṣẹ́ látìgbà tí ó ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́. Kò jókòó.

"O ò tíì ṣe tán ni? Ọ̀la ni ẹjọ́ àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò. Ilé ẹjọ́ ti ń béèrè àwòrán dáàmù."

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan."

"Kí ni kí n wò?"

"Òrùlé apá òsì. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fọ̀ o, téèpù fúnra rẹ̀ ni. Ẹ má ranjú mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Mákànjúọlá tẹ̀ síwájú. Ó wò ó. Fadérera kò wo ojú ẹ̀rọ mọ́, ojú ọ̀gá rẹ̀ ló ń wò. Ó rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí fìlà, tó dúró síbẹ̀, tí kò ṣí i, tí kò sì gbé e kúrò.

"Mi ò rí nǹkan kan," ó wí.

"Sà, ẹ ò tiẹ̀ ṣẹ́jú."

"Mo ní mi ò rí nǹkan kan, Fadérera." Ó yí padà wo ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́. Ìjọba ní àwọn ti kó gbogbo ará Ìsàlẹ̀-Odò kúrò kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn dáàmù, tí omi fi bo ìlú wọn. Àwọn èèyàn yẹn ní irọ́ ni. Ta ló máa là wọ́n? Ìgbà tó jẹ́ pé a máa ń gbọ́ ẹ̀rí ẹnu èèyàn ti lọ. Àwòrán tí a fọ̀, tí òṣìṣẹ́ fi ohùn rẹ̀ sé èdìdì sí, òun ni ẹlẹ́rìí. Bó bá ní omi ni, omi ni. Kí ni kí n wá máa rí?"

"Tí a bá sì ti fọ̀ ọ́, wọ́n máa sun téèpù."

"Wọ́n máa sun ún. Òfin ni. Ṣé o rántí Ṣẹ́gilọlá?"

Kò sẹ́ni tí kò rántí Ṣẹ́gilọlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Fadérera ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó sé èdìdì sí àwòrán kan tó ní iyanrìn nínú, wọ́n sì fọ òun náà kúrò: wọ́n fọ ojú rẹ̀ kúrò nínú gbogbo àwòrán tó wà ní Òkè-Ọ̀sà, ti ilé, ti ọ̀nà, ti ọjà. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn kan ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọkọ̀ kan ò dúró fún un. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

"Mo rántí rẹ̀, sà."

"Bàbá rẹ ńkọ́, tó wà ní Ilé Ìtọ́jú? Ta ni yóò máa wọlé lọ bá a?" Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. "Fọ àwòrán náà, ọmọ mi. Kí o máa lọ sílé."

*

Kò fọ̀ ọ́. Ó sọ fún ẹ̀rọ pé ojú ń ro òun, ó sì jáde.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò jókòó sórí àtẹ̀gùn Ilé Ìfọwòrán bí wọ́n ṣe máa ń jókòó látìgbà tí ẹjọ́ wọn ti dé ìlú. Wọn kì í pariwo, wọn kì í gbé pátákó. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wà wá láti orí àwọn ilé onígi tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀sà. Obìnrin àgbà kan láàárín wọn dìde bí Fadérera ti ń kọjá. Màmá Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é, òun sì ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ẹjọ́ náà.

"Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó ń fọ àwòrán wa?"

"Ẹ má bínú, Mà. A kì í bá ará ìta sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́."

"Mi ò ní kí o sọ fún mi. Èmi ni mo fẹ́ sọ fún ọ." Ó bá a rìn, ó ń tiro díẹ̀. "Bí o bá rí ẹnì kan tó ń ju nǹkan funfun sókè, Ṣíjúadé ni, àbúrò mi. Nígbà tí omi dé orí òrùlé, ó bọ́ yẹ̀rì ìdí rẹ̀, ó ń fì í sí àwọn tó wà lórí afárá. Ó rò pé wọn ò rí wa ni."

Fadérera ò dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀. Ó ti rí nǹkan náà. Òun ló ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú iyanrìn, tó fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju dúdú tó kù lọ.

"Wọ́n sì rí wa," Màmá Àwẹ̀ró wí. "Kámẹ́rà ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Mo rí iná pupa kékeré tó máa ń wà lójú rẹ̀."

"Báwo lẹ̀yin ṣe yè é, Mà?"

"Igi àgbọn ni mo dì mọ́. Mò ń wo òrùlé yẹn títí tí kò fi sí níbẹ̀ mọ́."

Ó fọwọ́ kan apá Fadérera, ó sì padà sórí àtẹ̀gùn.

*

"Káàbọ̀, Fadérera ọmọ Oyèdìran," ni ilẹ̀kùn Ilé Ìtọ́jú wí, ó sì ṣí.

Bàbá rẹ̀ wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó kọjú sí ọ̀sà. Ilé àtijọ́ ni, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wọ inú omi, fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ ti gíláàsì pẹlẹbẹ tó ṣeé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi ti ayé àtijọ́. Àwo tó fọ́ wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbá a jọ gbé ojú sókè, ó rẹ̀ ẹ́.

"Ó tún ti ju oúnjẹ. Ó ní òun ò mọ̀ mí."

Láti ọdún tí ìrántí ti ń já Bàbá Oyèdìran jù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì àfi ọmọ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti fi ẹ̀tàn ṣe é, wọ́n ti fi agbára ṣe é. Fadérera bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ife, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Àbẹ̀kẹ́." Oríkì rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń pè é.

Arúgbó náà na ọwọ́, ó fọwọ́ pa á lójú, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ẹni ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Ojú rẹ̀ tú ká. "Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ní o ò ní í wá mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn kan." Ó ya ẹnu fún ẹ̀kọ bí ọmọ ẹyẹ. "Wọ́n máa ń parọ́ níbí."

Ó mu ún tán. Fadérera nu ẹnu rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí oorun fi gbé e lọ. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó dì mọ́ ìka òun méjì, ó ń rò ó pé bí òun bá fọ àwòrán yẹn lọ́la, bí òun ṣe máa ń fọ gbogbo wọn, òun yóò tún wá síbí lọ́la, ilẹ̀kùn yóò kí òun káàbọ̀, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan tí yóò dá òun lẹ́bi. Àwọn tó lè dá òun lẹ́bi wà nínú iyanrìn.

*

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú fóònù àtijọ́ kan tó ti dì sínú àpò ike lọ́wọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Nínú rẹ̀ ni irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Gbangba wà.

Kò sẹ́ni tó ni Gbangba. Àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ara wọn rí, ló jọ kọ ọ́ nígbà àtijọ́ láti máa fi fún àwòrán pọ̀. Inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè wo bó ṣe ń ronú, ó sì lè tún un ṣe bó ti fẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ tí wọ́n fi fòfin dè é kò ju pé ohun tí o bá ní kó ṣe ló máa ń ṣe, tó bá sì ṣe tán, yóò sọ fún ọ gẹ́lẹ́ ohun tó gé dànù.

Fadérera so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí kò bá ẹ̀rọ ìjọba sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n fi ń ka téèpù. Ó pa ìfọ̀ rẹ̀. Ó pa iyanrìn àtọwọ́dá rẹ̀. Ó sì ní kó gbé gbogbo àwòrán náà bó ṣe wà.

Gbangba dáhùn pé kò lè gba àyè tí ilé ẹjọ́ fún un. Kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn. Ilé ẹjọ́ kì í gbà ju ìwọ̀n tí àwòrán tí a ti fọ̀ máa ń jẹ́ lọ, iyanrìn sì wúwo, torí pé ẹyọ kan kò jọ ìkejì, ẹni tó bá fẹ́ pa á mọ́ ní láti kó gbogbo rẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tí yóò kú. Ó gé ojú ọ̀run. Ó gé ohùn oníròyìn tó ń sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ létòlétò. Ó sọ etí afárá tó yọ sínú àwòrán di àbàwọ́n. Kò tó síbẹ̀. Ó ku ibi méjì péré nínú àwòrán náà tó ṣe pàtàkì: àwọn òrùlé lápá òsì, àti lápá ọ̀tún, fèrèsé ilé kékeré tó wà lórí dáàmù, níbi tí ọkùnrin kan tó gbé àtùpà dání ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń yí nǹkan. Bí èèyàn bá fara balẹ̀ wò ó, ojú ọkùnrin náà fẹ́ẹ̀ hàn. Àyè méjèèjì kò sí. Bó bá pín in, méjèèjì yóò di ẹrẹ̀.

Ó jókòó pẹ́ níwájú ọkùnrin alátùpà yẹn. Bóyá ó ṣì wà láàyè. Bóyá ó ti di èèyàn ńlá. Ta ló mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ilé kan nílùú yìí? Ṣùgbọ́n ìjọba kò jiyàn rí pé àwọn ṣí dáàmù. Ohun tí wọ́n jiyàn ni pé èèyàn wà níbẹ̀.

Ó jẹ́ kí ọkùnrin náà lọ. Ó gbé gbogbo ìwúwo sórí àwọn òrùlé. Ó ní kí Gbangba pín dúdú sí ìpele púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé láàárín dúdú kan àti dúdú kejì ni àwọn èèyàn náà wà. Irinṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń lọ bí ìgbín, afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpútà ń hu.

Ilẹ̀kùn ṣí. Mákànjúọlá wọlé, ó rí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Gbangba," ó wí. Ó ti pẹ́ tí Fadérera ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ pé kí o kó gbogbo ìwúwo sójú kan?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ọkùnrin náà wá àga, ó jókòó. Lójijì ni ó dà bí arúgbó. Wọ́n jọ ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí ìparí.

"Bàbá rẹ ńkọ́?" ó tún bi í.

"Mi ò mọ̀, sà."

"Kò ní jẹun."

"Mo mọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rò ó, sà. Bí mo bá rò ó, mi ò ní lè ṣe é."

"Bí o bá ti sọ̀rọ̀ sí i, èmi ò lè yọ ọ́ mọ́ o. Kò sí ẹni tó lè yọ ọ́."

Fadérera tẹ bọ́tìnnì èdìdì. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ, tí ó ti sọ láìmọye ìgbà sórí àwọn omi pẹrẹsẹ àti àwọn ògiri funfun. "Èmi Fadérera, ọmọ Oyèdìran, mo wò ó, mo rí i. Bó ṣe wà nìyí."

Ó fa káàdì kékeré tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀ yọ, ó nà án sí ọ̀gá rẹ̀. Mákànjúọlá gbà á, ó sì fi òmíràn hàn án tó ti wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

"Mo ti ní kí ẹ̀rọ yàrá mi fọ̀ ọ́ lánàá. Ohùn tèmi ló wà lórí èyí. Ìkan ni ilé ẹjọ́ ń gbà." Ó kó méjèèjì sápò agbádá. "Má bi mí léèrè èyí tí màá fún wọn. Èmi fúnra mi ò tíì mọ̀."

*

Ilé ẹjọ́ funfun nínú, funfun lóde. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò jókòó sí apá kan, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ ìjáde wọn, Màmá Àwẹ̀ró wà níwájú. Adájọ́ jẹ́ obìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè. Nígbà tí wọ́n pe Ilé Ìfọwòrán, Mákànjúọlá dìde. Fadérera ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà wọ àpò, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pẹ̀lú káàdì kan, ó sì fi í sẹ́nu ẹ̀rọ.

Ògiri ńlá ṣókùnkùn. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí ojúlówó iyanrìn rí láyé wọn. "Ó ti bàjẹ́," ẹnì kan wí. "Kí ni gbogbo ìdọ̀tí yìí?" Lọ́yà ìjọba ti ń dìde nígbà tí Màmá Àwẹ̀ró ké.

"Ṣíjúadé! Ẹ wò ó, yẹ̀rì rẹ̀ nìyẹn! Ṣíjúadé!"

"Bàbá Adéjùmọ̀bí ló dúró tì í," ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ wo bó ṣe tẹ̀. Bàbá Adéjùmọ̀bí ni."

"Ta ló gbé ọmọ sọ́rùn yẹn? Ṣé kì í ṣe Ògúnmọ́lá?"

"Òun ni. Òun ni o."

Àwọn tó rẹ́rìn-ín ti rí wọn.

"Olúwa mi," ni lọ́yà wí, "ìdọ̀tí ojú kámẹ́rà ni èyí. Ojú àwọn èèyàn yìí ló ń tàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a dúró kí ilé ẹjọ́ lè wò ó dáadáa."

Wọ́n dá a dúró. Dúdú.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ni adájọ́ wí.

Wọ́n padà wá, aṣọ funfun ń gòkè.

"Ẹ dá a dúró."

Dúdú.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ." Adájọ́ ti fà síwájú lórí àga. Kò ní kí wọ́n dá a dúró mọ́. Ó wò ó títí dé ibi tí òrùlé ìkẹta ti lọ, tí iyanrìn ibẹ̀ sì tú ká, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà sí ìṣe tirẹ̀. Nígbà náà ló béèrè pé, "Èdìdì ta ni?"

Ohùn Fadérera kún inú ilé náà. *Mo wò ó, mo rí i. Bó ṣe wà nìyí.*

Adájọ́ bojú wo tábìlì. "Òfin ní àwòrán tó bá ní èdìdì ni ẹlẹ́rìí, mi ò sì láṣẹ láti kọ̀ ọ́. Ilé ẹjọ́ gbà pé èèyàn wà ní Ìsàlẹ̀-Odò ní òru ọjọ́ yẹn." Igbe ẹkún sọ lápá ibi tí àwọn olùpẹ̀jọ́ wà. Ó dúró kí ó rọlẹ̀. "Òfin kan náà ló ní kí wọ́n fọ ẹni tó bá sé èdìdì sí iyanrìn kúrò. Mi ò láṣẹ láti kọ ìyẹn náà."

Kò wo Fadérera nígbà tó sọ ọ́. Mákànjúọlá ló wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n.

*

Fífọ̀ tí wọ́n fọ Fadérera kúrò kò dùn ún. Kò sí ọbẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́, ilẹ̀kùn kò ṣí, àfi ìgbà tó sá tẹ̀lé ẹlòmíì lẹ́yìn. Ọkọ̀ ìjọba sáré kọjá lára rẹ̀ bó ṣe ń nawọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn dé Ilé Ìtọ́jú.

"Àbẹ̀kẹ́ dà?" Ó gbọ́ ọ láti ìta, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin náà. Àwo kan fọ́. "Mo ní Àbẹ̀kẹ́ dà?"

Ó dúró níwájú ojú kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn dákẹ́. Ó fi ọwọ́ lù ú, ó fi ìkúùkù lù ú.

"Ta ló ń kànkùn?" ni nọ́ọ̀sì béèrè nínú.

"Kò sí ẹnikẹ́ni," ni ilẹ̀kùn dá a lóhùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, gíláàsì kékeré kan ń fi ohun tí ilẹ̀kùn ń rí hàn. Fadérera wò ó. Ó rí ọ̀nà tó gbà wá, ó rí ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tí ara rẹ̀ ì bá bò. Odindi ni ìkòkò náà wà, ewé rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rọ ti fi ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dí àyè rẹ̀.

Ọwọ́ kan bà á léjìká. Màmá Àwẹ̀ró ni, ó ń mí gúlegúle.

"Mo ti ń pè ọ́ látẹ̀yìn láti ilé ẹjọ́. Ṣé bàbá rẹ ló ń ké yẹn?"

Fadérera mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọkọ̀ mi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n wa ọkọ̀ lábẹ́ ògiri ilé náà títí wọ́n fi dé ìdí fèrèsé. Fadérera dìde dúró nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ gba àárín àwọn gíláàsì. Arúgbó náà ti kó sí igun yàrá, ẹ̀kọ ti dà sí i láyà.

"Bàbá. Àbẹ̀kẹ́ ni."

Ó wá. Ó fọwọ́ pa á lójú, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Wọ́n ní o ò sí."

"Mo wà, Bàbá."

"Bàbá Oyèdìran," ni ohùn tútù náà wí láti òkè àjà, "ẹ ń dá sọ̀rọ̀."

"Ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Bàbá. Àìsàn yín ti ń le sí i. Mo ti pe dókítà. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé yín lọ sí yàrá tí kò ní fèrèsé, kí ara yín lè balẹ̀."

Fadérera wo Màmá Àwẹ̀ró. Màmá Àwẹ̀ró ti ń fi àjẹ̀ di ọkọ̀ mú mọ́ ògiri.

"Yọ gíláàsì yẹn," obìnrin náà wí. "Yọ wọ́n kíá."

Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sómi. "Bàbá, ẹ dì mọ́ mi lọ́rùn. Ẹ má wo ìsàlẹ̀." Arúgbó náà fúyẹ́ bí ẹja gbígbẹ. Bí wọ́n ṣe gbé e sínú ọkọ̀ ni agogo ké nínú ilé. Màmá Àwẹ̀ró ti ọkọ̀ síwájú, ó ń wà á bí obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Wọn ò tíì jìnnà nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ lókè: ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tí ìjọba fi ń ṣọ́ ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní àwòdì. Ó ń bọ̀ tààrà. Kò sí ojú tí kò mọ̀ ní Òkè-Ọ̀sà, ojú Bàbá Oyèdìran sì wà lórí rẹ̀ báyìí gẹ́gẹ́ bí aláìsàn tó sá.

"Màá da àwọ̀n bò ó," Màmá Àwẹ̀ró wí.

"Yóò rí i láàárín àwọ̀n." Fadérera sì rí ìkòkò òdòdó yẹn lójú ọkàn, bó ṣe wà lódindi, bí ẹni pé òun kò dúró níwájú rẹ̀. "Ẹ dùbúlẹ̀, Bàbá. Ẹ dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀." Ó dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó fi orí rẹ̀ bo orí rẹ̀, ó na apá àti ẹsẹ̀ títí kò fi sí ibì kankan lára arúgbó náà tó yọ síta.

Atẹ́gùn àwòdì kọlu ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró lókè wọn.

"Màmá Àwẹ̀ró ará Ìsàlẹ̀-Odò," ó wí pẹ̀lú ohùn tútù náà. "Kí lẹ gbé?"

"Omi ni." Kò gbé ojú sókè. "Omi ló wọ ọkọ̀ mi. Mò ń wá ibi tí màá ti gbọ́n ọn."

Àwòdì sọ̀ kalẹ̀ sí i. Ó ń wò. Lábẹ́ rẹ̀, Fadérera ń gbọ́ bí ọkàn bàbá rẹ̀ ṣe ń lù kìkì, ó ń gbọ́ bí tirẹ̀ ṣe ń dáhùn. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn náà fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ.

"Ẹ gbọ́n ọn kó tó rì yín," ohùn náà wí láti ọ̀nà jíjìn.

Àjẹ̀ nìkan ló ń wọ omi, tó ń jáde.

"Àbẹ̀kẹ́," bàbá rẹ̀ wí lábẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé, "ṣé wọ́n ti lọ?"

Ó yí orí díẹ̀ wo èbúté tí wọ́n ti kúrò. Àwọn àwòdì mìíràn ti ń gbéra níbẹ̀, wọ́n tò bí ẹyẹ, wọ́n kọjú sí ojú omi.

"Wọn ò tíì lọ, Bàbá. Ẹ máa rọra mí."